Ọ̀mọ̀wé Tó Fọ Abọ́ ní New York: Ìtàn Konstantin Frank àti Àjàrà Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

  Ìtàn tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá kankan. Ìtàn àlejò kan ni, tó dé ìlú New York yìí lọ́dún 1951, tó fọ abọ́ kó tó rí ọ̀nà lọ, tó sì wá yí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí padà. Mo rò pé ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rin irú ọ̀nà tí ọkùnrin náà rìn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: iṣẹ́ àjàrà ni ìtàn yìí dá lé lórí, wáìnì sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò polówó ọtí fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ọtí ń ṣe fún ẹ̀dọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ni kì í fẹnu kàn án. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni kí a wò níbẹ̀.

ORÍṢI ÀJÀRÀ MÉJÌ

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a ní láti mọ̀ pé oríṣi àjàrà méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àjàrà tí Ọlọ́run dá sínú igbó Amẹ́ríkà. Igi rẹ̀ lágbára, òtútù kì í tètè pa á, ṣùgbọ́n òórùn èso rẹ̀ le, wáìnì rẹ̀ kì í sì í dà bíi ti ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú ìran rẹ̀ ni Concord ti jáde, èyí tí Ephraim Bull mú jáde ní ìlú Concord, Massachusetts, lọ́dún 1849. Kò sí ilé kan nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ni omi èso elésè àlùkò tí Welch's ń tà, tí àwọn ọmọ wa ń mu, tí ìjọ mìíràn sì ń lò fún Oúnjẹ Olúwa.

Èkejì ni àjàrà ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní vinifera. Òun ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì Faransé, ti Ítálì àti ti Jámánì. Chardonnay, Riesling àti Pinot Noir, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀dó sílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń fẹ́ gbin àjàrà Yúróòpù. Lọ́dún 1619, àwọn aṣòfin Virginia pàṣẹ pé kí baálé ilé kọ̀ọ̀kan máa gbin igi àjàrà 10 lọ́dọọdún. Lọ́dún 1619 yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dé etíkun Virginia. Kì í ṣe gbogbo àlejò ilẹ̀ yìí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Àjàrà tí wọ́n gbìn kò yè. Lọ́dún 1773, Philip Mazzei, ará Ítálì, kó àwọn tó mọ iṣẹ́ àjàrà wá sí Virginia, ó sì fìdí kalẹ̀ lẹ́bàá ilé Thomas Jefferson ní Monticello. Ìyẹn náà kò yọrí sí ohun tí wọ́n retí.

Ìlú tiwa yìí náà kò gbẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1827, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Alphonse Loubat gbin àjàrà Yúróòpù sórí ilẹ̀ tó tó éékà 40 ní New Utrecht. Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin D kọjá lórí New Utrecht Avenue ní Brooklyn, agbègbè ibẹ̀ ni oko náà wà. Loubat tẹ ìwé jáde lọ́dún 1827 láti kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní iṣẹ́ àjàrà. Síbẹ̀, àrùn mú oko rẹ̀, ó sì pa á tì. Nígbà tó yá ó padà sí Faransé, ibẹ̀ ló ti lókìkí nídìí iṣẹ́ mìíràn: òun ló ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ìgboro àkọ́kọ́ ní Paris, ní 1853.

Àjàrà Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń gbilẹ̀ ní Brooklyn kan náà. Nínú ọgbà Ìyáàfin Isabella Gibbs ni William Prince, tó ní oko igi títà ní Flushing, ti rí àjàrà kan ní 1816, ó sì sọ ọ́ ní Isabella. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

KÍ LÓ Ń PA IGI ÀLEJÒ?

Fún ọdún tó lé ní 300, bí wọ́n bá ti gbin àjàrà Yúróòpù sí apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, kíkú ló ń kú. Àwọn ènìyàn sì ti gbà pé òtútù ni. Wọ́n ní igi yìí kò lè fara da ilẹ̀ yìí, ó parí.

Ní wọ́ọ̀dù, bí aláìsàn bá ń gbọ̀n, kì í ṣe fèrèsé nìkan la máa ń tì. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ àjàrà ṣe rí nìyẹn. Òtútù wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní phylloxera, ó kéré púpọ̀ ju iná orí lọ, gbòǹgbò àjàrà ló ń mu. Àjàrà Amẹ́ríkà ti bá a gbé tipẹ́, kò lè pa á. Àjàrà Yúróòpù kò mọ̀ ọ́n rí, nítorí náà ó ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn mìíràn tún wà tó ń mú ewé àti èso hu, bí búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílé ṣe ń hu. Oko Loubat àti ti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ṣòfò nítorí pé wọn kò tíì ní oògùn àrùn wọ̀nyí.

Láàárín ọdún 1860 sí 1870, ọkọ̀ ojú omi gbé kòkòrò yìí kọjá sí Yúróòpù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run oko àjàrà Faransé tán. Amẹ́ríkà tí àìsàn ti wá náà ni ìwòsàn ti wá. Wọ́n gé ẹ̀ka àjàrà Faransé, wọ́n so ó mọ́ ìdí àjàrà Amẹ́ríkà, kí gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ jẹ́ ti èyí tó lágbára, kí ẹ̀ka tó wà lókè sì máa so èso tirẹ̀. Ẹ̀ka náà kì í torí èyí di Concord. Riesling tí a so mọ́ gbòǹgbò Amẹ́ríkà, Riesling náà ni yóò máa so. Báyìí ni oko àjàrà Yúróòpù ṣe yè.

Ṣùgbọ́n ní New York níbí, ọ̀pọ̀ kò gbà pé irú rẹ̀ lè ṣeé ṣe nínú òtútù wa. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ yìí, níbi tí àwọn adágún 11 tí wọ́n ń pè ní Finger Lakes wà, wọ́n ti ń gbin àjàrà láti 1829, nígbà tí àlùfáà William Bostwick gbin díẹ̀ sí ìlú Hammondsport. Ní 1860 wọ́n dá ilé iṣẹ́ Pleasant Valley sílẹ̀ níbẹ̀. Àjàrà Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn tí wọ́n mú jáde láti inú ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kún un. Vinifera gan-an ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dán wò.

Ó WÁ LÁTI ODESSA

Lọ́dún 1899 ni wọ́n bí Konstantin Frank ní ìhà Odessa, ní ilẹ̀ Ukraine, tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ìran àwọn ará Jámánì tó ti tẹ̀dó síbẹ̀ tipẹ́ ni ìdílé rẹ̀. Ó kàwé nípa iṣẹ́ àjàrà ní Odessa títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Bí a ṣe lè gbin àjàrà Yúróòpù ní ilẹ̀ tí òtútù ti le ni ìwé oyè rẹ̀ dá lé lórí. Kì í sì í ṣe inú ìwé nìkan ló ti mọ̀ ọ́n. Ó bójú tó oko àjàrà ńlá kan lẹ́bàá odò Dnieper, tó jẹ́ ti ìdílé Trubetskoy tẹ́lẹ̀ rí. Níbẹ̀ òtútù le ju ti New York lọ, síbẹ̀ vinifera ń so, nítorí pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀ bo ìdí rẹ̀ kí yìnyín tó dé.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kó ìyàwó rẹ̀ Eugenia àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta kúrò nílé. Wọ́n gba Austria kọjá sí Jámánì, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sí Amẹ́ríkà ní 1951. Baba yìí ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ó gbọ́ èdè mélòó kan, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú wọn.

Iṣẹ́ tó rí ní ìlú New York ni abọ́ fífọ̀ ní ilé oúnjẹ Horn & Hardart. Ẹ̀yin àgbà tó ti pẹ́ níbí lè rántí ilé oúnjẹ yẹn, níbi tí ènìyàn ti ń sọ owó ẹyọ sínú ihò kó tó lè ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì kékeré mú oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ògiri ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé àjàrà wà, tó ń fọ abọ́.

Nígbà tó yá, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú Geneva, ní Finger Lakes, níbi tí ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ New York wà, lábẹ́ Yunifásítì Cornell. Ó ní òun mọ iṣẹ́ àjàrà. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n ọkọ́ ni wọ́n fún un, pé kó máa ro oko èso blueberry. Ó ń bá àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sọ ọ́ pé vinifera lè ṣe dáadáa níbí, pé kì í ṣe òtútù nìkan ló ń pa á, àti pé òun ti gbìn ín níbi tó tutù ju èyí lọ. Wọn kò kà á sí. Ọkùnrin tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, tó ń fi ọkọ́ ro oko, ta ni yóò gbà pé ó mọ̀ jù?

ẸNI TÓ TẸ́TÍ

Ẹnìkan ló gbọ́ ọ. Charles Fournier ni orúkọ rẹ̀, àlejò lòun náà. Ọmọ Faransé ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé wáìnì Veuve Clicquot ní ìlú Reims, kó tó wá sí Hammondsport ní 1934, lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó ka ọtí léèwọ̀ láti 1920 sí 1933. Òun ni olórí ilé iṣẹ́ Gold Seal nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Frank níbi ìpàdé kan. Ní 1953 ó gbà á síṣẹ́, iṣẹ́ àjàrà gan-an lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbòǹgbò tí yóò bá ilẹ̀ yìí mu. Èrò Frank ni pé gbòǹgbò tí àwọn ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò mú kí ẹ̀ka tètè gbó, kó ti le kí òtútù tó dé. Wọ́n wá a kiri títí dé Kánádà. Nínú ọgbà ilé ẹ̀sìn Kátólíìkì kan ní Quebec, wọ́n rí àjàrà Pinot tó ń so níbi tí ìgbà ooru kò ti gùn tó tiwa. Wọ́n gba nínú gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n padà wá so ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ka mọ́ oríṣiríṣi gbòǹgbò láti mọ èyí tí yóò bá èyí lọ.

Lóṣù kejì ọdún 1957, òtútù ńlá dé. Ó lọ sí ìwọ̀n Fahrenheit 25 lábẹ́ òdo. Isabella, ọmọ Brooklyn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí igi alágbára, ojú ẹ̀ka rẹ̀ kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Dutchess. Ṣùgbọ́n lára Riesling àti Chardonnay tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò líle, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ojú ẹ̀ka tí òtútù bà jẹ́. Nígbà ìkórè ọdún náà, wọ́n so tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin lórí éékà kan. Àríyànjiyàn tó ti ń lọ láti 1619, igi fúnra rẹ̀ ló dáhùn rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Gold Seal gbé wáìnì vinifera tirẹ̀ jáde. Frank ti ra ilẹ̀ tirẹ̀ lẹ́bàá adágún Keuka, ní 1962 ó sì dá ilé iṣẹ́ Vinifera Wine Cellars sílẹ̀. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ronú àtifẹ̀yìntì.

N kò ní sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ó le lẹ́nu, ó sì máa ń bá ẹni tó bá ta kò ó jà. Ó tilẹ̀ ń sọ pé wáìnì àwọn àjàrà tí wọ́n mú jáde láti inú oríṣi méjì ń ba ara jẹ́, ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ̀ láti gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ lè gbàgbé bí a ṣe ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í fi ìmọ̀ pamọ́ fún un.

Ní 1976, gómìnà Hugh Carey bu ọwọ́ lu òfin tó jẹ́ kí àgbẹ̀ kékeré lè ṣe wáìnì lóko rẹ̀ kó sì tà á fún ará ìlú. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ti ń hù lẹ́bàá àwọn adágún wọ̀nyẹn. Fournier kú ní 1983, Frank kú ní 1985. Lónìí ilé wáìnì tó wà ní Finger Lakes lé ní 100, Riesling tí wọ́n ní kò lè yè ló sì sọ agbègbè náà di olókìkí. Ọmọ Frank, Willy, ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fred, ọmọ Willy, gbà á ní 1993. Ìran kẹrin ti wà níbẹ̀ báyìí.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Nígbà ìwọ́wé, àwa kan kó àwọn ọmọ lọ wo adágún Keuka. A rí i pé wọ́n ti wọ́ ilẹ̀ jọ sí ìdí igi àjàrà, ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ bí ebè. Ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Àǹtí, ṣé iṣu ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ojú ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka mọ́ gbòǹgbò ni wọ́n ń fi ilẹ̀ bò, nítorí ibẹ̀ ni òtútù ti ń pa á. Bí ooru bá padà dé, wọn yóò wú ilẹ̀ náà kúrò, igi yóò sì máa dàgbà lọ.

Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ ni mo ti ronú lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wà ní ojú ìsopọ̀ yẹn báyìí. Nígbà tí èmi dé ìlú yìí, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí wà nínú àpótí mi, ṣùgbọ́n ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì ń kàwé lóru títí mo fi yege ìdánwò. N kò tijú iṣẹ́ náà, iṣẹ́ gidi ni. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lára ni pé mo ti ń gbàgbé pé mo mọ nǹkan mìíràn. Mo mọ tíṣà nínú wa tó ń wa takisí, mo mọ ẹnjiníà tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lóru. Àwọn kan ti kó ìwé ẹ̀rí wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ jáde. Ẹ fi han àwọn ọmọ. Ìmọ̀ Frank kò dín kù lọ́jọ́ tó ń fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi kún un lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Òun kan náà ni. Ẹ sì má ṣe bẹ̀rù pé bí àwọn ọmọ wa bá fi gbòǹgbò múlẹ̀ nínú ilẹ̀ yìí, èso wọn yóò yí padà. Bí a bá tọ́jú ojú ìsopọ̀ náà dáadáa, bí a bá ń bá wọn sọ Yorùbá nílé, tí a ń kó wọn wá sí ìpàdé, ẹ̀ka yóò máa so irú tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ń kọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ yín, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Bí kì í bá ṣe Fournier, ó ṣeé ṣe kí Frank kú sídìí blueberry. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Àwọn díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa máa ń jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, láti bá wọn to ìwé ẹ̀rí wọn àti láti bá wọn múra ìdánwò. A kò pọ̀ tó. Ẹni tó bá lè fi wákàtí méjì sílẹ̀ lóṣù, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Bí ẹ bá sì rí ọkùnrin tàbí obìnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ yín, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, tó ń sọ pé òun ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí nílé, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣòfò sí ilẹ̀ àjèjì. Kó fi wá hàn fún ẹni tí yóò tẹ́tí sí wa, kó sì fi àwa náà ṣe ẹni tí ń tẹ́tí. Àmín. Ó dìgbà kan ná.